Ẹ̀rọ Tuntun Kéde Ikú Lìádì

Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn nílé. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ la ti ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ wa dànù. Nígbà tí gbogbo àwa ọmọ Ìlọrin tó wà ní Jos ṣì kó jọ sí Gangare, ìkéde kò ṣòro. Ẹnì kan á bọ́ síta, á pariwo, tèwe tàgbà á ti gbọ́. Àmọ́ lẹ́yìn àwọn rògbòdìyàn, a fọ́n ká bí ẹ̀wà tó bọ́ lójú àpò. Àwọn kan kó lọ sí Bukuru, àwọn kan sí Naraguta, àwọn mìíràn padà sí Ìlọrin pátápátá, síbẹ̀ wọ́n ṣì fẹ́ máa gbọ́ ẹni tó lọ àti ẹni tó kù. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìsìnkú nígbà náà. Bí ẹnì kan bá kú, ètè mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó nídìí fóònù, ẹnì kan á tún wá bínú pé a kò sọ fún òun.

Kabirat ló bá wa wá ojútùú. Ọmọ Alájì Lìádì ni, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti inú yàrá rẹ̀ ní Naraguta fún àwọn ilé iṣẹ́ tí kò fojú rí rí. Jos ni wọ́n bí i sí, Haúsá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ní òun á ṣe ẹ̀rọ kan fún wa tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Alúfà Mukhtar, tó máa ń kírun sí òkú lára fún wa, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípàdé pé, "Níbo lo máa gbé ẹ̀rọ náà sí? Iná ìjọba ilé tiwa yìí?"

"Rárá o, Alúfà. Òkè òkun ló máa wà, níbi tí wọ́n ti ń yá èèyàn lẹ́rọ. Èmi ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kàn án. Màá kọ irú ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sínú fáìlì kan, bó ṣe máa tóbi tó, ohun tó máa gbé. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi tó máa ka fáìlì yẹn, táá sì lọ kọ́ ẹ̀rọ náà bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Tó bá bàjẹ́?"

"A kì í tún un ṣe. A máa wó o ni, ká kọ́ òmíràn látinú fáìlì yẹn kan náà. Kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan."

"Haba! Àwa tí à ń bẹ káfíńtà láti ọdún tó kọjá." Alúfà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lónìí, ta ló máa kọ́ ọ níṣẹ́?"

Kabirat ní ìwé àṣẹ kan wà nínú fáìlì náà, òun ni ẹ̀rọ tuntun kọ́kọ́ máa ń kà bó bá ti lajú. Á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì máa ṣe ohun tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: gbé èyí wọlé, ṣí ilẹ̀kùn yìí, lọ mú àkójọ nọ́ńbà fóònù wá. Bó bá ti kà á tán, kò ní kà á mọ́ títí ayé rẹ̀.

"Ó sàn ju àwọn ọmọ kéú mi lọ," ni Alúfà wí. "Àwọn kì í tiẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan."

Bí ó ti ń kọ ìwé àṣẹ náà, Kabirat fi ìlà kan kún ìparí rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè dán ara rẹ̀ wò nípa fífi ìkéde kan ránṣẹ́. Nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan ló wà nínú àkójọ nígbà yẹn. Ó wá ku orúkọ tí yóò fi sínú ìkéde náà. Ẹ mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ la ojú sílẹ̀ kí á fi orúkọ alààyè ṣe òkú. Bó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ìyá rẹ̀ á fi ìgbálẹ̀ nà án tàgbà tàgbà. Ó rò ó títí, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ sí i. Ẹni tó ti kú kì í tún kú mọ́. Alájì Lìádì ti wà ní sàréè láti ìgbà tí Kabirat ṣì wà ní yunifásítì, ibi kankan kò tún lè bá a níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún, ó ka ìkéde náà, ó ṣàdúà fún bàbá rẹ̀, ó sì kọjá sí iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà ló wá kó nọ́ńbà gbogbo wa sínú àkójọ. Kò rántí ìlà yẹn mọ́, ẹ̀rọ náà kò sì ní ìdí láti tún un kà.

Ó ṣiṣẹ́ fún wa títí a fi gbàgbé bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún kan, nígbà tí ọyẹ́ Jos mú débi pé omi inú kẹ́tù àlùwàlá ń dun èèyàn ní ìka, àwọn ìkéde bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lọ́nà. A ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ kékeré yẹn. Mo sọ fún Kabirat, ó ní kò le rárá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú fáìlì, èyí tó sọ bí ẹ̀rọ ṣe tóbi tó. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé òun á wó ọ̀kan, òun á sì kọ́ ọ̀kan. Ìyẹn kò já a láyà, bí iṣẹ́ wọn ti rí nìyẹn. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dìde lọ gbé omi tíì kaná.

Ẹ̀rọ tuntun lajú. Ó ka ìwé àṣẹ láti òkè. Ó gbé ohun tó yẹ wọlé, ó lọ mú àkójọ nọ́ńbà wá, gbogbo wa pátá, ti Jos àti ti Ìlọrin. Ó dé ìlà ìparí, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Mo ń fá irùngbọ̀n mi lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. *Ìnnà lìláhì wa ìnnà ìlẹ́ẹ̀hì rájíúnà. Alájì Lìádì ti Gangare ti papòdà. A ó kírun sí wọn lára lẹ́yìn ìrun Àyìlà lónìí.*

Kí n tó nu ọṣẹ kúrò lójú, Alúfà Mukhtar ti ń pè mí. "Akọ̀wé, ṣé Alájì jí ni kó tó tún kú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Alúfà."

"Tò, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi bi í léèrè bóyá ọ̀run tutù tó Jos."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kabirat yára kọ àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn pé àṣìṣe ni, kí gbogbo àgbà fọwọ́ wọ́nú. Ó wọ kẹ̀kẹ́ láti Naraguta wá sí Gangare, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, Ìbílọlá, nítorí orúkọ ọkọ tó ta ìyá lójú lórí fóònù láìròtẹ́lẹ̀. Ìyá náà ti sunkún díẹ̀, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín. Alúfà ti dé, èmi náà ti dé, a ń mu kókó gbígbóná. Fóònù ìyá dún.

"Ìbílọlá, ẹ kú ìfaradà," ni ohùn náà wí. Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ń gbọ́. "Mo ti wà lọ́nà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Mókwá ni. Mo mọ̀ pé mi ò ní bá ìsìnkú, àmọ́ n ó bá yín ṣe fídáù. Ẹ má sunkún jù. Mo ń bọ̀."

Bàbá Qasim ni. Mo rí ojú Kabirat. Ńṣe ló dà bí ẹni tó gbé ìkòkò kalẹ̀ tó gbọ́ pé ó fọ́.

Mo ní láti sọ ẹni tí Bàbá Qasim jẹ́. Òun àti Alájì Lìádì jọ ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Gangare láti ìgbà èwe wọn. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ yín wá, ẹ kò ní mọ ẹni tó tún un ṣe nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí rògbòdìyàn kan le jù, Qasim kó ẹbí rẹ̀, ó padà sí Ìlọrin. Lìádì ní òun kò lọ síbì kankan. Wọn kò jà, àmọ́ Qasim gbé e lọ́kàn pé òun sá, ọ̀rẹ́ òun dúró. Kò pẹ́ tí àìsàn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ fi kọlù ú ní Ìlọrin, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lè mú àyà rẹ̀ já. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni Lìádì kú ní Jos, ní ikú wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ta ló máa sọ ọ́? A kì í sọ òkú fún aláìsàn. Gbogbo wa fẹnu kò pé kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá. Ara yá, a ní kó tún lágbára sí i. Ó lágbára, ìtìjú wá dé. Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Ní gbogbo Iléyá àti gbogbo Ìtúnu Ààwẹ̀, Bàbá Qasim á pe ilé Lìádì, Kabirat ló sì máa ń gbé fóònù, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò lè parọ́ kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n.

"Wọ́n lọ sí mọ́sáláṣí, Bàbá."

"Wọ́n ń sùn, Bàbá."

"Ọ̀fìnkìn ń bá wọn jà, ohùn kò jáde."

Títí bàbá náà fi dẹ́kun bíbéèrè pé kí wọ́n gbé e fún Lìádì. Ó kàn máa ń sọ pé, "Kabirat, bá mi sọ fún bàbá rẹ, bó bá jẹ́ nítorí pé mo lọ tí mo fi í sílẹ̀ ni, kó forí jì mí." Kabirat á dáhùn pé, "Màá sọ fún wọn, Bàbá." Lọ́dọọdún.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí a kò sọ fún òun náà rí, ló ka ìkéde ikú fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò gbọ́ tẹnì kankan, ó gbé àpò, ó lọ sí gáréèjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kejì, èyí tó ní àṣìṣe ni, bá a nínú mọ́tò, kò sì sí ẹni tó máa bá a kà á.

Kókó tutù nínú ife wa.

Ìyá Kabirat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Òwúrọ̀ yìí ló kú nìyẹn. Ohun tí a máa sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe fídáù kékeré, kó jẹun, kó padà sílé rẹ̀ láyọ̀ àti àlàáfíà."

"Ìyá mi, wọ́n á ní ká mú wọn lọ sí sàréè. Koríko ti bò ó."

"A máa sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ kò dára. Jos nìyí, ta ló máa jiyàn?"

"Àdúà kì í pọ̀ jù fún òkú," ni Alúfà Mukhtar wí, àmọ́ kò wo ojú ẹnì kankan.

Èmi náà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Kí n má purọ́, ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo wí i.

Kabirat ní, "Wàláhì, Bàbá Qasim rò pé Bàbá mi kò fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Bí a bá ní òní ni Bàbá mi kú, a jẹ́ pé wọ́n bínú sí Bàbá Qasim dójú ikú. Ohun tí wọ́n máa gbé padà sí Ìlọrin nìyẹn."

"Bó bá sì gbọ́ òótọ́, tó ṣubú lulẹ̀ nínú pálọ̀ mi ńkọ́?" Ìyá rẹ̀ ti gbé ohùn sókè. "Apá òsì ọkùnrin náà kò tíì padà sípò. Ṣé ìwọ lo máa gbé òkú rẹ̀ padà fún àwọn ọmọ rẹ̀? Ta ló tiẹ̀ kọ orúkọ ọkọ mi fún ẹ̀rọ, tó ń dán an wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò?"

Kabirat tẹrí ba, kò sì gbé e sókè mọ́ títí a fi tú ká.

Bàbá Qasim sùn lọ́nà, ó wọlé ní ọjọ́ kejì. Èmi ni mo lọ gbé e ní gáréèjì. Ó ti gbẹ, àmọ́ ó fi ọ̀pá rìn dé ìdí mọ́tò láìjẹ́ kí n di òun mú. Apá òsì rẹ̀ rọ̀ bí àdìrẹ tí wọ́n sá sórí okùn. Nínú mọ́tò, ó ń wo àwọn òkìtì àpáta lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí a kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù báyìí, ó ní kí n rọra. Mo rọra.

Pálọ̀ kún díẹ̀. Ìyá Kabirat wọ aṣọ dúdú. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, Bàbá Qasim náà kí i, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé omi wá. Kò mu ún.

"Mi ò wá láti da ọ̀fọ̀ yín rú," ló wí. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé Lìádì bínú sí mi dójú ikú?"

Ó kọjú sí Alúfà Mukhtar.

"Alúfà, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọn."

Alúfà Mukhtar wúkọ́. "Ọkàn rẹ̀ mọ́ sí gbogbo ayé, Bàbá."

"Gbogbo ayé kọ́ ni mo béèrè." Ó yíjú. "Kabirat, ìwọ lo máa ń gbé fóònù. Iṣẹ́ tí mo ń rán ọ, ṣé o ń jẹ́ ẹ fún un?"

Mo rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá" ni à ń retí. Ọ̀rọ̀ tí kò gùn, tó ti mọ́ ọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Kabirat kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Mi ò jẹ́ ẹ, Bàbá. Kò sí ẹni tí n bá jẹ́ ẹ fún. Iléyá àkọ́kọ́ tí ẹ pè tí mo gbé fóònù, wọ́n ti sin Bàbá mi. Ẹ̀yin náà wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ní ká má sọ fún yín. Mi ò sọ, mi ò sì dẹ́kun àìsọ. Bàbá mi kò bínú sí yín rí. Ọjọ́ tí wọ́n kú, wọ́n ń sọ pé bí ara yín bá yá, àwọn á wá kí yín ní Ìlọrin."

"Kabirat!" ni ìyá rẹ̀ ké.

Mo ti dìde dúró, mo ń wo àyà bàbá náà bóyá yóò ṣubú. Kò ṣubú. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí ọ̀pá rẹ̀, ó sì gbé e síbẹ̀.

"Ìkéde àná ńkọ́?"

Kabirat ṣàlàyé fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní òun kọ ọ́ láti dán ẹ̀rọ kan wò, òun gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Àná ni òun kọ́ ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ tuntun kò sì mọ̀ pé wọ́n ti ṣe ohunkóhun rí, ó rò pé ọjọ́ yẹn ni ayé bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ fún un ni ó ń ṣe.

Bàbá Qasim wo gbogbo wa, láti orí Alúfà dé orí mi.

"Ẹ̀rọ tí kò mọ Lìádì rí ló sọ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ wẹ òkú rẹ̀, ẹ kò sọ. Láti ọjọ́ yìí wá, mò ń bẹ òkú. Mò ń bá òkú jà lọ́kàn mi. Ìgbà mìíràn, Akọ̀wé, mo máa ń bú u. Mo máa ń bú Lìádì nínú yàrá mi pé agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù." Ó na ọ̀pá sí wa. "Ẹ̀yin sì wà níbí."

Alúfà ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Àánú yín ló ṣe wá."

"Àánú mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tu ẹ̀gún ẹja dànù. "Ẹ mú mi lọ síbi tó wà."

Kò sí ẹni tó tún rántí pé ọ̀nà kò dára. Èmi ni mo wa mọ́tò. Kabirat wọlé sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní itẹ́ òkú, ọyẹ́ ti sọ koríko orí sàréè di pupa, ẹrùpẹ̀ rẹ̀ sì ti jìn wọlé bí ti gbogbo òkú ọjọ́ pípẹ́. Ewé dógóyárò ń já bọ́ sí i. Bàbá Qasim wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kabirat fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti fa koríko náà.

"Fi í sílẹ̀. Lọ jókòó sínú mọ́tò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ kò kàn ọ́."

A jọ padà sínú mọ́tò. Láti ibẹ̀, à ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí ti ẹni tó ń rojọ́. Nígbà kan ó dà bí ẹni pé ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti yọ ìlà yẹn kúrò nínú ìwé àṣẹ," ni Kabirat wí. "Láàárọ̀ àná gan-an ni. Kò ju kí n tẹ bọ́tìnì kan lọ. Akọ̀wé, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún wọn fúnra mi. Ẹ̀rọ ló bá mi sọ ọ́."

Ó yẹ kí n sọ pé gbogbo wa ni. Mi ò sọ ọ́.

"Ṣé wọ́n á forí jì mí?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Nígbà tí bàbá náà padà dé, eruku wà ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní ká lọ sílé, pé wọ́n ti se oúnjẹ, pé a ṣì lè ṣe fídáù náà.

"Fídáù rẹ̀ ti kọjá. Ẹ gbé mi lọ sí gáréèjì."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sùn di ọ̀la. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo gbé e lọ sí gáréèjì. Mọ́tò Abùjá, níbi tí yóò ti wọ ti Ìlọrin, ń wá èèyàn, wọ́n ń ké. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ tó dára gbé àpò rẹ̀, ó wá ku ọ̀pá tí kò sí ọwọ́ tí yóò fi mú un. Kabirat súnmọ́ ọn, ó na ọwọ́ sí àpò náà. Bàbá Qasim di àpò náà mú, ó wo ọmọ náà lójú fún ìgbà pípẹ́, àwọn agbèrò sì ń pariwo lórí wa. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kabirat gbé e tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo ti rò ó títí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Jos, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá ìdáríjì ni, àbí apá ló ń ro bàbá náà.